Bí Mo Ṣe Jowú Ọmọ Tí Mo Kọ́, Títí Dé Họ́láńdì

Ẹ ti bi mí nípa òtútù. Ẹ ti bi mí bóyá òyìnbó ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn màmá ìjọ wa ní Inísà tilẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n sọ òótọ́, ṣé wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Họ́láńdì, mò ń jowú. Mo jowú láàárọ̀, mo jowú lọ́sàn-án, mo gbé owú sùn. Ẹni tí mò ń jowú kì í sì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Òkukù ni, Tóyìn lorúkọ rẹ̀, èmi tìkára mi ni mo kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìkìrun níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ bí mo ṣe fẹ́ ìrìn-àjò yìí tó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun ọ̀kadà láti Inísà lọ sí Ìkìrun láràárọ̀, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ okòwò, tí eruku ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀ mí nímú. Nígbà tí yunifásítì kan ní Họ́láńdì gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ okòwò wọn láti kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́, mo jó yí ilé ká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí nìkan ni mo bá lọ. Lọ́dọọdún, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ẹ̀kọ́ náà máa ń mú ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì. Ẹni náà á dúró tì í, á máa bá a ṣiṣẹ́, á sì máa kẹ́kọ̀ọ́ gboyè dókítà lọ́wọ́ kan náà. Àyè yẹn ni mo fẹ́. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé tí wọ́n bá ti mú mi, òun àtàwọn ọmọ á wá bá mi. Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mo ní kí pásítọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sádùúrà, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ní Inísà.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ

Ẹ̀yin ará Ìkìrun tí òkè yí ká, ilẹ̀ ibẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Kò sí òkè kankan. Ibi tí ojú yín lè ríran dé, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, omi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn màlúù tó sanra ń jẹko. Èmi dúró lẹ́bàá títì, mo ń wòran, ni bàbá arúgbó kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá dúró níwájú mi. Ó ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni mo dúró sí, kí n kúrò níbẹ̀. Kò kí mi. Kò sì bínú. Ó sọ ọ́ tán, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tó bá wà lọ́kàn wọn, òun náà ló wà lẹ́nu wọn, ì báà jẹ́ ọba ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, mò ń wá yàrá wa kiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí ní tíṣà. Kí n tó yíjú, ọmọbìnrin kan ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí táìlì, ti òun ti báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn òyìnbó dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rò pé ó ṣubú ni, ó na ọwọ́ sí i kó fà á dìde. Tóyìn ni. Ó ti dàgbà, ó ti rẹwà, ó sì gbé ìwé mi lọ́wọ́ mi kí n tó lè sọ pé kó fi í sílẹ̀.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó dùn gan-an, títí tó fi sọ fún mi pé kíláàsì kan náà la jọ wà.

Bísíkíìtì kan

Annẹkẹ lorúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n wa. Bẹ́ẹ̀ ni, Annẹkẹ lásán. Obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tó ti kọ ìwé rẹpẹtẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa pe òun lórúkọ. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á. Ẹnu Tóyìn ti gbà á ní tiẹ̀. Á ní Annẹkẹ wá wo èyí, Annẹkẹ mi ò gbà pẹ̀lú rẹ lórí ìyẹn, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. Á wá yíjú sí mi, á tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọ̀dọ̀ mi lòun ti kọ́ okòwò. Ó rò pé òun ń ṣe mí lóore. Gbogbo wọn wá ń wò mí bíi pé ọgbọ́n Tóyìn ṣì kù rẹpẹtẹ níbi tó ti bù ú. Bí Annẹkẹ bá béèrè ìbéèrè tó le, wọ́n á wò mí. Èmi náà á wo ìwé mi. Tóyìn á dáhùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, kó má di ohun tí ẹ ń rò pé idán ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Ẹnì kan ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń lọ̀ ọ́, ẹnì kan ń fún un, ẹnì kan ń yan án. Tí àwọn tó ń bẹ́ ẹ bá yára, tí ẹni tó ń yan án bá lọ́ra, iṣẹ́ á há síwájú ẹni tó ń yan. Ẹ̀kọ́ wa ni pé kí o wo iṣẹ́ èyíkéyìí, kí o mọ ibi tó ti há, kí o sì mọ ìdí rẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Nínú ìwé, ìṣirò ló kún un. Èmi á jókòó ti ìṣirò kan látàárọ̀, Tóyìn á ti parí tiẹ̀, á ti lọ ra ẹja.

Ẹja yẹn náà ń kọ́? Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú àlùbọ́sà. Wọ́n á di ìrù rẹ̀ mú, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́nu. Ara mi bù máṣọ. Tóyìn jẹ méjì níṣojú mi. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni, ọ̀la búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni, àgbàlagbà á sì wọ́n ṣokoléètì wẹ́wẹ́ sórí búrẹ́dì bí ọmọdé. Ìyá Tóyìn ló máa ń fi gààrí ránṣẹ́ sí i láti Òkukù, ó sì máa ń bù ú wá fún mi. Gààrí náà dára ju èyí tí mo gbé láti Inísà lọ. Ìyẹn náà bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kan, Annẹkẹ pè wá sí ilé rẹ̀. Ó gbé kọfí wá, ó ṣí agolo bísíkíìtì, ó gbé e yí ká. Ó kàn mí, mo ní rárá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Èèyàn kì í na ọwọ́ sí oúnjẹ onílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. O máa kọ̀, wọ́n máa bẹ̀ ọ́, o máa wá gbà. Annẹkẹ ò bẹ̀ mí. Ó gbé agolo kọjá, oníkálukú mú ẹyọ kan, ó dé e pa, ó gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tán nìyẹn. Títí a fi kúrò níbẹ̀, ojú mi wà lára kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Nígbà tí a dé títì, Tóyìn yọ bísíkíìtì tirẹ̀ látinú ìnujú, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Mo jẹ ẹ́, torí ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, n ì bá fẹ́ kó jẹ́ ọmọ tí ò níwà. Ọmọ tó mọ̀wé jù ọ́ lọ, tó tún níwà, ibo lo fẹ́ ti bá a jà?

Ilé búrẹ́dì

Annẹkẹ pín wa sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Èmi àti Tóyìn bọ́ sí ẹgbẹ́ kan náà, pẹ̀lú ọmọ Họ́láńdì kan tó ń jẹ́ Brám. Wọ́n rán wa lọ sí ilé búrẹ́dì kan láàárín ìlú, níbi tí búrẹ́dì kì í ti í tó fún oníbàárà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ká lọ wo ibi tí iṣẹ́ ti há, ká sì wá ròyìn níwájú kíláàsì. Annẹkẹ ti jẹ́ kó yé wa pé ìròyìn yìí ni òun máa fi wo ẹni tí òun máa mú. Ọkàn mi balẹ̀ dáadáa. Mo ní tèmi dé.

A dúró níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun títí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì tà. Mo rí i pé ààrò ò sinmi rí, ó kún ní gbogbo ìgbà, búrẹ́dì tí wọn ò tíì yan sì tò síwájú rẹ̀, tó ń dúró de àyè. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ ti parí: kí oníbúrẹ́dì ra ààrò kejì. Èmi ni àgbà wọn, kò sẹ́ni tó jiyàn. Mo tilẹ̀ bi Tóyìn lójú gbogbo wọn bóyá ó rí nǹkan mìíràn. Ó ní, "Bí ẹ ṣe wí yẹn náà ni, mà." Mo ronú pé òun náà kúkú ti rí i pé ẹni tó kọ́ òun ju òun lọ.

Lọ́jọ́ ìròyìn, mo wọ bùbá àti ìró mi tó dára jù lọ. Mo sọ̀rọ̀. Mo ya àwòrán ààrò sára pátákó. Nígbà tí mo parí, Annẹkẹ bi mí ní ìbéèrè kan péré: tí wọ́n bá ra ààrò kejì, níbo ni búrẹ́dì tó bá jáde nínú rẹ̀ máa dúró sí? Mo yíjú padà wo àwòrán ààrò mi. Ó wá ṣàlàyé fún gbogbo kíláàsì. Èèyàn ò lè di búrẹ́dì gbígbóná sínú ọ̀rá, á làágùn, á bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù lórí pẹpẹ. Àwọn tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá ò pọ̀, nítorí náà orí pẹpẹ kì í ṣófo. Nítorí pé pẹpẹ ò ṣófo, búrẹ́dì tó ti jinná ń jókòó sínú ààrò. Ibi dídì ni iṣẹ́ ti há. Ẹnì kan sí i níbi dídì á tán wàhálà náà.

Ó yíjú sí Tóyìn. "Ṣé ohun tí ìwọ náà rí nìyẹn, ààrò?"

Tóyìn wò mí, ó wolẹ̀. Ó ní, "Ohun tí tíṣà mi sọ ni."

Annẹkẹ mi orí, ó pe ẹgbẹ́ tó kàn. Bí a ṣe jáde, Brám dúró gbọin níwájú Tóyìn. Ó ní kí ló dé. Ó ní nídìí pẹpẹ yẹn gan-an ni Tóyìn ti sọ fún òun pé àwọn tó ń di búrẹ́dì ò tó. Ó ní òun rò pé ó ti sọ fún mi.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ronú pé ọmọ yìí ti gbẹ́ kòtò fún mi, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè wò mí bí mo ṣe ń ṣubú sí i. Mo lọ bá a ní kíṣìnnì ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ó ń fọ abọ́.

"Tóyìn, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O wá jẹ́ kí n lọ dójú ti ara mi níwájú gbogbo wọn?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, mà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n dìde kí n ní ẹ ṣì í, lójú àwọn ọmọ yẹn?"

Mo wo ojú rẹ̀ fínnífínní, mò ń wá àrankàn. Kò sí. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ara mi ì bá balẹ̀. Òun náà ti jìn sí kòtò kan náà pẹ̀lú mi, ó sì mọ̀ nígbà tó ń bọ́ sínú rẹ̀. Mi ò rí ìbínú mi mú mọ́, owú nìkan ló kù, òun ló wá le jù.

Ọ́fíìsì Annẹkẹ

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, Annẹkẹ pè mí. Kò fi ọ̀rọ̀ wọ́lẹ̀. Ó ní èmi àti Tóyìn ló kù lọ́kàn òun fún àyè yẹn.

"Ìwé Tóyìn dára ju tìrẹ lọ," ló wí, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó máa bá mi ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ fún mi pé mo ṣì í. Lọ́jọ́ búrẹ́dì, ìwọ ṣì í, ṣùgbọ́n o ní èrò tìrẹ, o sì sọ ọ́. Òun ò ní nǹkan kan láti sọ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ ni péré ni mo ní láti sọ. Mi ò tilẹ̀ ní láti sọ ọ́, kí n kàn mi orí, ọkọ mi àtàwọn ọmọ ti wọ bàálù nìyẹn, pásítọ̀ ti rí ẹ̀rí sọ nìyẹn. Ó sì ti wà lẹ́nu mi. Mi ò ní wá sọ fún yín pé ìwà rere ló dá mi dúró, torí mo mọ bí inú mi ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tíṣà ló dá mi dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń máàkì ìwé, obìnrin yìí sì fẹ́ fagi lé ìdáhùn tó tọ̀nà níṣojú mi. Ara mi ò gbà á.

Mo ní, "Bi í nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀."

Ó ní kí ni mo ní lọ́kàn. Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí a ti wá, ọmọ ò lè dìde láàárín àwùjọ kó ní tíṣà òun ṣì í, pé àìmọ̀kan kọ́ ló mú un dákẹ́, èmi ni. Annẹkẹ wò mí títí bí ẹni tí mo ń sọ fún pé ewúrẹ́ ń fò. Ó ní òun máa bi í.

Bí mo ṣe ń padà sí yàrá mi, mo gbàdúrà, Ọlọ́run dárí jì mí, pé kí ẹnu Tóyìn wọ́ tó bá débẹ̀. Àdúrà náà ò gbà. Ó sọ ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì fún Annẹkẹ látòkè délẹ̀, ó sì tún fi ibi tí ìṣirò Annẹkẹ fúnra rẹ̀ ti wọ́ hàn án. Mo gbọ́ ẹ̀rín Annẹkẹ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tóyìn wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní wọ́n ti fún òun, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé èmi náà fẹ́ ẹ. Ó ní, "Tí ẹ bá ní kí n má gbà á, mà, mi ò ní gbà á."

Ẹ wo ọmọ burúkú yìí. Ó tún gbé e wá bá mi sínú yàrá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó gbà á. Bí èèyàn ṣe ń lé ajá ni mo ṣe sọ ọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Òkukù

Mo padà sílé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí mi. Ní Inísà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè àyè yẹn. Wọ́n ní ẹ kú àbọ̀, wọ́n ní ẹ sanra, wọ́n wá ń wo ẹ̀yìn mi bíi pé nǹkan kan ṣì ń bọ̀. Ọmọ mi kékeré ti dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sùkúrù. Ó ní láti lọ máa kí wọn padà.

Tóyìn fi ẹrù kan rán mi sí ìyá rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Òkukù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá náà ti ń retí mi, ó ti pe àwọn aládùúgbò, ilé kún, àwọn kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ojú fèrèsé. Obìnrin yìí tó jù mí lọ dáadáa fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo di apá rẹ̀ mú.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún wọn. Ó ní èmi ni òyìnbó kọ́kọ́ fẹ́ mú. Ó ní mo kọ̀, mo ní èmi ní ọkọ àtọmọ nílé, kí wọ́n gbé e fún ọmọ mi, ọmọ Òkukù. Mi ò mọ ibi tó ti rí i. Bóyá Tóyìn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n lè rí ojú gbé, bóyá ìyá rẹ̀ ló tún un ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin kan wà níbẹ̀, èmi àti àbúrò rẹ̀ la jọ wà ní ìjọ ní Inísà. Mo mọ̀ pé ìtàn náà á délé ṣáájú mi, iyì mi á sì padà bọ̀ sípò.

Ìtàn dáadáa ni. Ó tó mi wọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ṣe ti wá di ohun tí mo fi ta á lọ́rẹ, mo sì wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á.

Mo ní, "Màmá, wọn ò fún mi kí n tó kọ̀. Tóyìn dára jù mí lọ ni."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Àwọn tó kù ní ẹ gbọ́ ẹnu àgbà, ẹ wo bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo tún un sọ. Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níta lè gbọ́, omi sì ti ń bọ́ lójú mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ mi.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí, kó lè wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè dá mi lóhùn. Tóyìn mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ó ń dùn mí. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má yìn mí sí i.